E ma lo, a n bo

Kí ẹsẹ̀ tó kán, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín láti àárọ̀.

Mẹ́rin ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ìwọnlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Olùkọ́ wọn ló ní kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin rin orí òkè kan já, kí wọ́n máa pàgọ́ sùn, kí wọ́n sì ya àwòrán ọ̀nà tí wọ́n bá tọ̀. Ẹni tó ṣáájú wọn ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá, nítorí pé ó ti fi ọdún mẹ́fà ṣe bíríkìlà kó tó padà sílé-ìwé, ó sì dàgbà jù wọ́n lọ. Apá rẹ̀ rí bí igi àjà. Ẹnì kejì ni Agùntáṣọọ́lò, ọmọkùnrin tó ga débi pé bó bá sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ síta àgọ́. Ẹnì kẹta ni Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹnì kẹrin ni Alámì, ọmọbìnrin kejì.

Alámì kò jókòó nínú kíláàsì rí títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Atẹ̀wé ni bàbá rẹ̀. Yàrá iwájú ilé wọn ni wọ́n ti ń tẹ̀wé, ẹ̀rọ kan sì wà níbẹ̀ tó tóbi bí ibùsùn, tí òórùn yíǹkì rẹ̀ ti wọ inú aṣọ fèrèsé, wọ inú irọ̀rí, wọ inú irun orí wọn pàápàá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni bàbá ti kọ́ ọ níwèé, pẹ́ńsùlù pupa létí. Bí ọmọ bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò fi àmì ohùn sí i, bàbá á wò ó bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ níta láìwọ ṣòkòtò. "Bò ó láṣọ," ni yóò wí. "Ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ìhòòhò ló wà. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ á pè é lórúkọ tó bá wù ú." Ọmọ náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù lásán, àmì á pé lórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ìyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí orúkọ fún un nílé-ẹ̀kọ́. Onítìjú ènìyàn ni. Bí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó, etí ló máa ń yá wọn, kì í yá wọn lẹ́nu.

Ọjọ́ kìíní, bàtà ló bá wọn jà. Ọjọ́ kejì, èjìká. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ti ń ká àgọ́, nẹ́tíwọ́kì yọjú fírí. Ọ̀gá ní kí Alámì tètè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ pé àlàáfíà ni wọ́n jí. Alámì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka lé lẹ́tà kan, ó dúró kí àmì yọ, ó mú un, ó bọ́ sórí òmíràn. Kó tó parí, nẹ́tíwọ́kì ti bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ gbà mí o!" Ọ̀gá káwọ́ lérí. "Ọkọ̀ ti gbéra, Alámì ṣì ń wá àmì tó máa fi sórí ọkọ̀."

"Jẹ́ kó fi sí i jàre," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Tí ọkọ̀ bá di ọkọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣé ìwọ lo máa bá a tọ́jú ẹ̀ ni?"

Agùntáṣọọ́lò rẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì fi há a lọ́fun. Alámì náà rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní inú ń bí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Láti òní lọ, bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ ni òun náà yóò máa kọ ọ́.

Wọ́n gbéra. Àdéhùn wọn ni pé ẹni tó bá yára yóò dúró de ẹni tó bá ń falẹ̀ ní oríta, níbi tí ọ̀nà ti ya sí ìhà odò. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ló yára. Báàgì oògùn wà lẹ́yìn Ọ̀gá, oúnjẹ gbogbo wà lẹ́yìn Agùntáṣọọ́lò. Àwọn ọmọbìnrin ru àgọ́ tiwọn, ìgò omi méjì, àti páálí bisikíìtì kan tí Ẹlẹ́rìn-ín jẹ́wọ́ pé òun fi pa mọ́ fún Agùntáṣọọ́lò nítorí ikùn rẹ̀ kò ní ìsàlẹ̀.

Oòrùn kò tíì dé àárín orí. Òjò òru ti mú kí òkúta máa yọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń sín olùkọ́ wọn jẹ, bó ṣe máa ń fi ìka kan ti dígí ojú rẹ̀ sókè, tí á sì wí pé, "Ẹ̀yin èwe ìwòyí, ẹsẹ̀ yín ò mọ ilẹ̀." Ó dé orí "ilẹ̀," ilẹ̀ sì yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ó já sí àárín òkúta méjì. Alámì gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ lórí orúnkún. Igi kankan kò sì sí níbẹ̀.

"Ṣé mo ti kú?" Ẹlẹ́rìn-ín béèrè láti ìsàlẹ̀.

"O ò kú."

"Ó dáa. Torí mo yá bàtà yìí ni, ẹni tó ni ín máa bá mi dé ọ̀run."

Alámì fà á jáde. Ẹsẹ̀ òsì ti ń wú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Wọ́n jọ wò ó, wọ́n jọ gbà pé ó rọ́ ni. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, èyí tó kéré jù nínú ibi ló máa ń gbà gbọ́. Wọ́n ní bí wọ́n bá sinmi díẹ̀, wọ́n á tiro dé oríta, Ọ̀gá á fi oògùn sí i, òun àti Agùntáṣọọ́lò á sì máa gbé e ní ìgbà fún ìgbà. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí àwọn yẹn má kúrò níbẹ̀.

Alámì gun òkúta tó ga jù. Ó na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ fi já èso. Bátìrì ku díẹ̀ kó tán, àmì rẹ̀ ti pọ́n. Nẹ́tíwọ́kì dé, ó lọ, ó tún dé. Ìka rẹ̀ tutù. Ó fi í lé lẹ́tà àkọ́kọ́, ó dúró kí àmì yọ, àfi bí ẹni pé Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín sí i létí: ọkọ̀ ti gbéra. Ó gbé ìka kúrò. Ó tẹ̀ ẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń tẹ̀ ẹ́, wéré:

E ma lo. A n bo.

Ó lọ. Ó rí i pé ó lọ. Lẹ́yìn náà, fóònù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

"Kí lo kọ?" Ẹlẹ́rìn-ín béèrè.

"Mo ní kí wọ́n má lọ, pé a ń bọ̀."

"O ṣeun, ìyá mi. Wá gbé mi dìde."

Ìrìn tí kò yẹ kó ju ìdajì wákàtí lọ, títí oòrùn fi ń wọ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Ẹlẹ́rìn-ín kọ́kọ́ tiro. Nígbà tó yá, kò lè tiro mọ́, Alámì sì pọ̀n ọ́n, ó sọ̀ ọ́, ó tún pọ̀n ọ́n. Ní gbogbo ìgbà tó bá sọ̀ ọ́, Ẹlẹ́rìn-ín á fi eyín bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ kó má bàa ké. Kò sí ẹni tó tún sọ pé ẹsẹ̀ náà rọ́. Ojúgun rẹ̀ ti tẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ojúgun ti tẹ̀.

Wọ́n dé oríta. Ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

Ipa bàtà wà nínú ẹrẹ̀, ńlá àti gígùn, ó kọjá lọ sí ìhà odò. Lára òkúta kan ni Ọ̀gá ti fi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì ọ̀nà fa ìlà tó kọjú síbẹ̀, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà: A TI GBO.

Ẹlẹ́rìn-ín kà á láti ẹ̀yìn Alámì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"A ti gbọ́. Kí ni wọ́n gbọ́? Wọ́n gbọ́ pé kí wọ́n dúró dè wá, wọ́n wá lọ?" Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Alámì, wọ́n fi wá sílẹ̀. Ó gbọ́, ó sì lọ! Irú ọkàn wo nìyẹn?"

Alámì rántí àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi ránṣẹ́. Ó ń sọ ọ́ lẹ́nu láìyọ ohùn. Ẹ má lọ. Ẹ máa lọ. Ta ni kì í kọ "máa" ní "ma" lórí fóònù? Gbogbo ayé ni. Ọ̀gá jókòó sórí òkúta yìí, àtẹ̀jíṣẹ́ dé bá a, ó sì kà á bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn ṣe ń kà á: Ẹ máa lọ, a ń bọ̀. Ó fún un lésì. Ó fa ìlà fún un kó má bàa ṣìnà. 

"Kí ló dé tó o dákẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Alámì wí.

Bí irọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré.

Ó pàgọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ kó tó parí. Wọ́n pín bisikíìtì ní méjì méjì, wọ́n sì mu omi bí ẹni tó ń tọ́ oògùn wò. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni òjò ń rọ̀, títí ilẹ̀ fi mọ́ sì ni Ẹlẹ́rìn-ín ń ṣépè. Ara rẹ̀ ti gbóná. Ó ní ọwọ́ tí Ọ̀gá fi fa ìlà yẹn, kò ní fi gbé ọmọ. Ó ní ilé tó bá kọ́, kò ní gbé ibẹ̀. Ó tún ní, "Bí mo bá kú, sọ fún ìyá mi pé òun ló pa mí. Ṣé o gbọ́? Ìyá mi ò ní gbàgbé."

"O ò ní kú."

"Ṣèlérí fún mi pé wàá sọ fún un."

Ọ̀rọ̀ dé eyín Alámì, ó padà. Ó ronú pé bí òun bá sọ ọ́ nísinsìnyí, ta ni yóò kù fún ọmọ yìí nínú àgọ́? Ìbínú ló ń mú un wà láàyè, kí òun má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń wá àwáwí kì í wá a tì. Ó tẹ́ aṣọ rẹ̀ lé e láyà, ó sì ní, "Mo ṣèlérí."

Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, ìka ẹsẹ̀ Ẹlẹ́rìn-ín ti dúdú, ó tutù bí òkúta odò. Kò ṣépè mọ́. Ó ń pe ìyá rẹ̀, ó sì ń béèrè ìdí tí wọn kò fi tíì ti ilẹ̀kùn. Alámì sáré sọ̀ kalẹ̀ sí odò, ó ń ṣubú, ó ń dìde.

Odò tí wọ́n ní ènìyàn lè là kọjá láìbọ́ bàtà ti kún dé ẹsẹ̀ igi, ó pọ́n bí amọ̀, ó ń yí ẹ̀ka igi lọ bí ẹni ń yí ìwé. Ní òdìkejì ló ti rí wọn. Agùntáṣọọ́lò wà níbẹ̀, ó ń so okùn mọ́ ìdí igi pẹ̀lú obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tó wọ aṣọ aṣọ́gbó. Ọ̀gá ti wọ inú omi pẹ̀lú okùn ní ìbàdí.

Ó gòkè sí ẹ̀gbẹ́ Alámì, ó so okùn mọ́ igi kan níbẹ̀, omi ń ṣàn lára rẹ̀. "A retí yín títí, a rò pé òjò ló dá yín dúró! Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí a ò rí yín la lọ jí ìyá aṣọ́gbó. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹlẹ́rìn-ín dà?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ kán," ni Alámì wí. Gbogbo ohun tó rí sọ nìyẹn.

Ìyá aṣọ́gbó ká ọwọ́ mọ́ ẹnu láti òdìkejì, ohùn rẹ̀ sì la omi kọjá. "Ẹ̀yin ọmọ! Òjò ṣì ń rọ̀ lókè o! Tí omi yìí bá bo òkúta dúdú yẹn, ẹnikẹ́ni ò ní lè kọjá mọ́ títí di ọ̀la. Ẹ yára!"

Òkúta dúdú náà wà láàárín odò. Ohun tó yọ síta nínú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

Ọ̀gá sáré gòkè. Ó wọ inú àgọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ẹlẹ́rìn-ín, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Gùn mí. Di ọrùn mi mú dáadáa. Ọwọ́ mi méjèèjì máa wà lára okùn, mi ò ní lè dì ọ́ mú. Ìwọ lo máa di ara ẹ mú."

Ojú Ẹlẹ́rìn-ín là. Ó rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ sì kó jọ sí ẹnu.

"Má fọwọ́ kàn mí."

"Alámì," Ọ̀gá yíjú sí i, "kí ló ń sọ?"

"Mo ní má fọwọ́ kàn mí! Ṣé o fẹ́ sọ mí sómi kó o lè parí iṣẹ́ ẹ ni? A ní ẹ má lọ, o lọ!"

"Ta ló ní ká má lọ? Ẹ̀yin lẹ ní ká máa lọ!"

"Òpùrọ́!"

Ọ̀gá fa fóònù yọ nínú ọ̀rá tó fi wé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Kà á. Kà á fúnra ẹ. Kí lo rí?"

Ẹlẹ́rìn-ín tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ má lọ. A ń bọ̀. Òun náà ló wà níbí gbàgàdà! Ṣé o ò mọ̀wé kà ni?"

"Ẹ máa lọ," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ máa lọ, a ń bọ̀. Agùntáṣọọ́lò náà kà á bẹ́ẹ̀. Àbí ojú mi ló ń ṣe mí?"

"Ẹ má lọ!"

"Ẹ máa lọ!"

Wọ́n ń jà lórí rẹ̀ bí ọmọdé méjì, ọ̀kan ń gbọ̀n fún ibà, èkejì ń gbọ̀n fún omi tútù. Nísàlẹ̀, ìyá aṣọ́gbó tún kígbe. Ọ̀gá na ọwọ́ láti fi agbára gbé e, Ẹlẹ́rìn-ín sì bù ú jẹ. Alámì mọ̀ pé bó bá gbé e bẹ́ẹ̀, kò ní dì í mú, wọ́n á dé àárín odò, á sì já sílẹ̀ bí ẹrù.

"Èmi ni," ni Alámì wí.

Wọn kò gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ kéré ju ariwo òjò lọ.

"Èmi ni! Mi ò fi àmì sí i." Ó kúnlẹ̀ sáàárín wọn. "Mo fẹ́ kọ 'ẹ má lọ.' Mo ń kánjú, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò fi àmì sí i. Ohun tẹ́ ẹ kà yẹn ló wà níbẹ̀, Ọ̀gá. Ohun tí ìwọ náà kà, Ẹlẹ́rìn-ín, ló wà níbẹ̀. Òun ò ṣe nǹkan kan. Kò fi ẹ́ sílẹ̀."

Ọ̀gá wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ mì, ó ń kà á, ó tún ń kà á. Lẹ́yìn náà, ó gbé e kúrò lójú bí ẹni tí nǹkan ta.

Ẹlẹ́rìn-ín kò wo fóònù. Alámì ló ń wò.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Àná. Ní ibi òkúta."

"Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O jókòó tì mí. O ń gbọ́ ọ."

"Mò ń gbọ́ ọ."

"O ṣèlérí pé wàá sọ fún ìyá mi."

 Bí Alámì bá sunkún, á dà bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan, nítorí náà kò sunkún.

Ẹlẹ́rìn-ín yíjú kúrò lára rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Ọ̀gá bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n pọn òun. "Gbé mi," ni ó wí. 

Wọ́n fi àgọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi báàgì sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé bèbè odò, òkúta dúdú ti kéré bí ìka. Agùntáṣọọ́lò àti ìyá aṣọ́gbó fa okùn le ní òdìkejì. Ọ̀gá wọ inú omi, ọwọ́ méjèèjì lórí okùn, ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín sì ká a lọ́rùn. Ẹsẹ̀ tó kán ń rọ̀ dirodiro, omi ń gbá a, gbogbo ìgbà tí omi bá gbá a ni ọwọ́ rẹ̀ ń tú. Kò sí ẹni tó ní kí Alámì wá. Ó wọ omi lẹ́yìn wọn, ó fi apá kan há okùn mọ́ra, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé ẹsẹ̀ náà sókè.

Omi dé orúnkún rẹ̀, ó dé ìbàdí, ó dé ọmú. Ẹ̀ka igi kan sáré gbá a ní ìhà. Kò lè rí ojú Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ló ń rí. Ìka ẹsẹ̀ náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tutù, ó le, kò mọ̀ bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àtàǹpàkò, èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kankan kò mira.

Wọ́n dé àárín. Òkúta dúdú kò sí mọ́. Ilẹ̀ yọ̀ mọ́ Ọ̀gá lẹ́sẹ̀, ó ri dé àgbọ̀n, ó tún dúró. Ẹlẹ́rìn-ín ké. Láti ìgbà tó ti ní "gbé mi," ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Alámì," ó pè é, kò bojú wẹ̀yìn. "Ó ń kan omi. Gbé e sókè."

Alámì gbé e sókè.